Pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911: ọjọ́ mẹ́jọ láti ìgbà tó wọ ọgbà títí tí ẹ́ńjìnnì fi jí

Ọjọ́ Ajé

Bàbá awakọ̀ fúnra wọn ni wọ́n wa 911 náà wọ ọgbà wa n'Íbàdàn, wọn kò sì pa á. Wọ́n ní tí àwọn bá fi lè pa á, títì ló kù. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń kó láti Ìsẹ́yìn. Láàárọ̀ kùtù, wẹ́rẹ́ ni ó máa ń sítáàtì, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná, tí wọ́n bá pa á kí wọ́n fi jẹun lásán, ó di kí àwọn tó ń ja ẹrù sọ̀ kalẹ̀ wá tì í. Tó bá sì gbé ẹrù dé ìsàlẹ̀ òkè, ṣe ni ó ń mí gúlegúle.

Mo fa gééjì ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti ga kọjá àmì tó ìka kan, ó sì ń ṣàn lára gééjì bí omi. Mo gbé e símú, dísẹ́ẹ̀lì ló ń rùn. Bàbá rò pé ọmọ ọkọ̀ àwọn ló bu ọ́ìlì jù. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bá ọmọ yẹn wí o, kò ṣe nǹkan kan." Lórí ẹ́ńjìnnì yìí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń lọ sínú ikùn pọ́ǹpù tó ń ti dísẹ́ẹ̀lì sí àwọn sílíńdà. Bí àwọn pílọ́ńjà tó ń ti epo bá ti jẹ, dísẹ́ẹ̀lì á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn sọ̀ kalẹ̀, á bá ọ́ìlì padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó ti ṣàn tó báyìí kò lè dáàbò bo bẹ́árìn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa á síbẹ̀, kí wọ́n má sì gbé e jáde mọ́ títí a ó fi ṣe é tán.

OM352 ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà: sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, lítà 5.7. Àárín àwọn ọdún 1960 ni Mercedes bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, òun náà ló sì wà nínú L 1113 tí àwọn ará Brazil fi ń kó ẹrù tiwọn. ANAMMCO ní Enugu wà lára àwọn tó to ọkọ̀ Mercedes pọ̀ fún wa nílẹ̀ yìí. Mo fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì náà, mi ò ní fi pa mọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ohun tó bá ń ṣe é, ojú, etí àti imú èèyàn lè rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A kò tíì fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Ẹni tó bá sáré tú pọ́ǹpù láìwo ohun tó ṣáájú rẹ̀, owó olówó ló ń ná.

Inú táǹkì la ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi àgbà fa epo láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò ọtí tó mọ́, kí ó gbé e kalẹ̀ lójú òòrùn. Kò pé wákàtí kan tí ó fi pín sí méjì: dísẹ́ẹ̀lì lókè, omi ní ìsàlẹ̀, àti ìdọ̀tí pupa bí ìyẹ̀pẹ̀ ilé èèrà láàárín wọn. Omi náà nípọn tó ìka mẹ́ta. Bàbá wò ó, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí epo wọ́n gógó, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì ni àwọn ti ń rà.

A pààrọ̀ fílítà méjèèjì. A dán pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo láti táǹkì wò, ó ń fà dáadáa. Lẹ́yìn náà a sítáàtì ẹ́ńjìnnì, mo ń tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù (nọ́sù ló ń fọ́n epo sínú sílíńdà) díẹ̀díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ́tí. Sílíńdà tó bá ń ṣiṣẹ́, tí a bá tú nọ́ọ̀tì tirẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á já wálẹ̀. Ìkíní já, ìkẹta já, ìkẹrin já, ìkẹfà já. Nígbà tí mo tú ìkejì, ohùn kò yí padà. Ìkarùn-ún náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ń kà á, aṣọ ni kí ẹ dà bo nọ́ọ̀tì kí ẹ tó tú u, ẹ má sì fi ìka wá ibi tí páìpù nọ́sù ti ń jò láé. Nọ́sù ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣí àyàfi tí agbára epo bá tó bíi bar 200. Epo tó bá yọ láti ojú ihò kékeré pẹ̀lú irú agbára bẹ́ẹ̀ máa ń gún awọ wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú kan ṣoṣo bíi ti ẹ̀fọn bù jẹ ló máa fi sílẹ̀ lóde, ṣùgbọ́n epo ti wà nínú ẹran, ọwọ́ sì lè bá a lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe kí ẹ fi epo pupa ra á.

A tú nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a gbé wọn lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán wọn wò. Gbogbo wọn ló ń fọ́n bí ó ti yẹ, ti sílíńdà kejì àti ìkarùn-ún pàápàá. Nígbà náà ni mo tó gbà pé pọ́ǹpù ni.

Ọjọ́rú

A fọ̀ ọ́ kí a tó tú u. Búrọ́ọ̀ṣì, kẹrosín-in, omi ọṣẹ, lẹ́yìn náà ni a fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀ fẹ́ ẹ gbẹ. Ìdajì ọjọ́ ló gbà wá, ọmọ iṣẹ́ mi kékeré sì béèrè bóyá ọkọ̀ ìgbéyàwó ni. Mo fi yé e pé ìdọ̀tí kan ṣoṣo tó bá já sínú páìpù tó ṣí sílẹ̀ ti tó láti dá wa padà síbi tí a ti ń bọ̀.

Kí a tó tú nọ́ọ̀tì kankan, a yí ẹ́ńjìnnì dé ojú àmì lára púlì. Lára púlì ti ọkọ̀ yìí, OT wà níbi tí písítìn bá ti gòkè dópin, àmì FB sì wà ṣáájú rẹ̀ níbi tí pọ́ǹpù ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti epo. Èdè Jámánì ni méjèèjì. Mo fi ṣísẹ́ẹ̀lì fa ìlà tín-ínrín kan kọjá etí pọ́ǹpù bọ́ sí ara ẹ́ńjìnnì, kí n lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a tú páìpù nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà papọ̀ pẹ̀lú ohun tó dì wọ́n mọ́ra, a kò tẹ ìkankan. A fi láílọ́ọ̀nù tó mọ́ dí ẹnu gbogbo ihò. A yọ ọ̀pá tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ tọ́rótù, wáyà tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì, páìpù epo àti ti ọ́ìlì, lẹ́yìn náà àwọn nọ́ọ̀tì etí rẹ̀. Èèyàn méjì ló gbé e sọ̀.

Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì

Kálíbírétọ̀ (ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, tó sì ń wọn epo rẹ̀) tí mo ń gbé iṣẹ́ fún kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà wọ yàrá tó ti ń tú pọ́ǹpù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé e fún un. Ó tú pílọ́ńjà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ó sì pè mí wá wò ó.

Pílọ́ńjà kan kò nípọn tó ìka. Ó wọ inú ilé rẹ̀ láìsí ríńgì, láìsí rọ́bà. Irin ló ń dí irin. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju bíi ìdá méjì sí mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan lọ, irun orí èèyàn sì nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá ó kéré tán. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń tì náà ló tún fi ń ṣe òróró ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi fi ń bà á jẹ́, tí epo tí wọ́n pò mọ́ kẹrosín-in sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí kẹrosín-in kò yọ̀ tó dísẹ́ẹ̀lì.

Kálíbírétọ̀ mú pílọ́ńjà kẹta, ó fi dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ ṣan án, ó fi í sínú ilé rẹ̀, ó dẹ ilé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó sì fà á sókè. Nígbà tó tú u sílẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ló fi sọ̀ kalẹ̀ láìdúró. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Ó sọ̀ dé ìdajì, ó há. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀: àbààwọ́n ìpẹtà aláwọ̀ igi wà lára rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àti ìlà gbọọrọ mẹ́ta tí èékánná mi ń kọ́ nígbà tí mo fi gbá a. Ti ìkarùn-ún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́rin tó kù kò há, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀ kíákíá jù, wọ́n ti jẹ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ sítáàtì àárọ̀ àti ti ọ̀sán ti yé Bàbá. Dísẹ́ẹ̀lì tó tutù ki díẹ̀, kì í rọrùn fún un láti sá gba ẹ̀gbẹ́ pílọ́ńjà. Tó bá ti gbóná, ó ń ṣàn, ó sì ń sá. Nígbà tí kíìkìsítátà ń yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́, èyí tó sá ti ju èyí tó dé nọ́sù lọ, nọ́sù kò ní ṣí.

Ọ̀rọ̀ kan dìde níbẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ fẹ́ kí a lọ ra odidi pọ́ǹpù tòkunbọ̀ ní ọjà Aráròmí ní Agodi Géètì, wọ́n ní yóò yá ju èyí lọ. Òótọ́ ni, yóò yá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ irú epo tí tòkunbọ̀ náà mu níbi tó ti wá, ara pọ́ǹpù tiwa sì ṣì dára: ọ̀pá káàmù rẹ̀ kò jẹ, gọ́fánà rẹ̀, tó ń ká eré ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kò, kò há. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ra pílọ́ńjà mẹ́fà tuntun pẹ̀lú ilé wọn. Méjì-méjì ni wọ́n ń lọ̀ wọ́n pọ̀. Ilé ìkíní kò gba pílọ́ńjà ìkejì, tuntun ìbáà jẹ́. Wọ́n gbà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kálíbírétọ̀ gbé pọ́ǹpù náà sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò. Ìgò dígí mẹ́fà ló wà níwájú ẹ̀rọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba epo ojú kan lára pọ́ǹpù, ojú kan fún sílíńdà kan. Epo inú wọn ga dọ́gba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó tún yẹ àlàfo láàárín ojú kan sí èkejì wò, ìwọ̀n 60 géérégé, nítorí ojú mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ pín ìyípo 360. Ọdún 1927 ni Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú pọ́ǹpù onílà yìí jáde lọ́pọ̀ fún ọkọ̀ ẹrù, ọ̀nà tí à ń gbà dán an wò kò sì yàtọ̀ púpọ̀ títí dòní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọjọ́ yìí ni mo ṣe àṣìṣe, màá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Oníbàárà mìíràn dé, mo jáde lọ bá a. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ àgbà yí ẹ́ńjìnnì padà sí ojú àmì, nítorí a ti yí i díẹ̀ nígbà tí a ń fọ ibi tí pọ́ǹpù ń jókòó. Nígbà tí mo dé, FB dọ́gba pẹ̀lú ìtọ́ka tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Mo wò ó, mo ní ó dáa. A gbé ríńgì rọ́bà tuntun sí i, a yí ọ̀pá pọ́ǹpù sí àmì sílíńdà kìíní, a tì í wọlé, a dì í. A fa afẹ́fẹ́ jáde nínú epo. Mo ní kí Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n ta á.

Kò jí. Èéfín funfun ń jáde láti sàlẹ́ǹsà, ó ń ta ojú. A ta á fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sinmi, a tún ta á. Bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ní agogo mẹ́fà mo ní kí gbogbo wa lọ sílé. Ọmọ iṣẹ́ àgbà ń ṣe bí ẹni pé òun ló ba nǹkan jẹ́, mo sì sọ fún un níwájú àwọn tó kù pé èmi ni ọ̀gá, èmi ni mo wo iṣẹ́ náà tí mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Ajé kejì

Mo ti ro ó lálẹ́ Àìkú. Èéfín funfun tó ń ta ojú, dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó ni. Epo ń dé sílíńdà, ṣùgbọ́n kò dé lásìkò tó yẹ kí ó dé.

A ṣí ìdérí fáàfù, mo yí ẹ́ńjìnnì dé FB. Mo fi ìka méjì gbọn ọwọ́ fáàfù sílíńdà kìíní. Wọn kò gbọn, méjèèjì le. Mo yí púlì síwájú díẹ̀: ọ̀kan ń dìde, èkejì ń sọ̀. Mo lọ sí ìkẹfà, tiwọn ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ. Òun nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì yìí ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí pọ́ǹpù tó yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni FB máa ń dé ojú ìtọ́ka, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni sílíńdà kìíní fẹ́ epo nínú méjèèjì. A ti gbé pọ́ǹpù wọlé ní èkejì. Ìgbà tí sílíńdà ń lé èéfín jáde ni à ń fún un lóúnjẹ.

Mo pe àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n fi ìka tiwọn gbọn ọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ gbé pọ́ǹpù wọlé, fáàfù sílíńdà kìíní gbọ́dọ̀ tú, ti ìkẹfà gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Ẹ má gba púlì nìkan gbọ́.

A tún yọ pọ́ǹpù. A yí ẹ́ńjìnnì odidi ìyípo kan, mo gbọn fáàfù lẹ́ẹ̀kan sí i, a gbé pọ́ǹpù padà. Àwọn nọ́ọ̀tì etí rẹ̀ wà láàárín ihò gígùn wọn, ọwọ́ lásán ni mo fi dì wọ́n, kí n lè rí àyè yí pọ́ǹpù sọ́tùn-ún sósì.

Ìlà ṣísẹ́ẹ̀lì tí mo fà lọ́jọ́rú wà níbẹ̀, àwọn mìíràn ìbá sì fi mọ síbẹ̀. Èmi kò fi mọ síbẹ̀, torí pílọ́ńjà tuntun ló wà nínú rẹ̀. Mo yọ fáàfù kékeré àti sípíríǹgì tó wà lábẹ́ orí ojú kìíní, mo dá orí náà padà láìsí wọn, mo sì so páìpù kan mọ́ ọn tí mo tẹ̀ bí ọrùn lékeléke, ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. A gbé kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ sókè ju pọ́ǹpù lọ, ó ń ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Mo fi okùn fa ọwọ́ tọ́rótù dé òpin, mo rí i pé ọwọ́ tó ń pa ẹ́ńjìnnì wà níbi iṣẹ́.

Epo ń ṣàn láti ẹnu lékeléke bí okùn. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ àgbà máa fi sípánà ńlá yí púlì, jẹ́jẹ́, lọ́nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà yí nìkan. Okùn náà tín-ínrín. Ó di ìṣán. Ó já, ó di ẹ̀kán: ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kejì, lẹ́yìn náà ó dúró sí ẹnu páìpù, kò já bọ́. Mo kígbe, "Dúró!" Ìṣẹ́jú yẹn ni pílọ́ńjà ti dí ihò tí epo ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni ìtì bẹ̀rẹ̀.

Mo wo púlì. FB ti kọjá ìtọ́ka tó ìbú èékánná kan. Ó pẹ́ jù.

Ẹ má yí púlì sẹ́yìn kí ẹ fi wá a. Àwọn gíà ní ìdẹ̀ díẹ̀ láàárín eyín wọn, ìdẹ̀ yẹn á tàn yín jẹ. A dá a padà ní ìdá mẹ́rin ìyípo, mo yí ara pọ́ǹpù díẹ̀ lòdì sí ọ̀nà tí ọ̀pá rẹ̀ ń gbà yí, kí ó lè ṣáájú, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣáájú ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀kán dúró, mo wo púlì, FB àti ìtọ́ka dojú kọ ara wọn. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ó lè dá wa lójú, ojú kan náà ló ń dúró sí. Mo di àwọn nọ́ọ̀tì. Mo tún wò ó lẹ́yìn tí mo dì wọ́n, nítorí dídì náà lè yí i.

Fáàfù kékeré padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú wọ́ṣà tuntun. A da ọ́ìlì tó mọ́ sínú ikùn pọ́ǹpù kí ó má baà gbẹ yí. A da gbogbo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti di dísẹ́ẹ̀lì nù, a pààrọ̀ fílítà rẹ̀. A ti fọ táǹkì tẹ́lẹ̀, a sì ti so fílítà oníkóòbù dígí tó ń ya omi sọ́tọ̀ mọ́ ọ̀nà epo. Owó rẹ̀ kò tó ti pílọ́ńjà kan, ó sì yẹ kí ó wà lára gbogbo 911 tó ń mu epo kẹ́ẹ̀gì.

Pọ́ǹpù ọwọ́ ni a fi lé afẹ́fẹ́ jáde, láti orí fílítà kí a tó dé orí pọ́ǹpù, títí tí ìfófòó fi dẹ́kun. A tú nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí nọ́sù, Bàbá ta á títí tí epo fi yọ níbẹ̀, a dì wọ́n.

Bàbá ní, "Ògún, má jẹ̀ẹ́ kí ó dójú tì wá." Wọ́n ta á. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì mú. Èéfín funfun díẹ̀ jáde, ó lọ. Mo tún tú nọ́ọ̀tì ìkejì díẹ̀ lábẹ́ aṣọ: ohùn já. Ìkarùn-ún: ohùn já. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí tó ti gbóná dáadáa, mo ní kí wọ́n pa á. A dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n kan fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ni, ó jí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì

Bàbá bẹ̀ mí kí n ṣí èdìdì gọ́fánà, kí n fi agbára díẹ̀ kún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má jẹ́ ká ṣe é." Ìyípo 2,800 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi òté lé fún ẹ́ńjìnnì yìí, kálíbírétọ̀ sì ti wọn epo tí sílíńdà lè jó. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín dúdú ni yóò dà, á sì máa sun orí písítìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í sílẹ̀.

Wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn lófìfo gba ọ̀nà Mọ́níyà, wọ́n sì gbé gbágùúdá kún padà. Mo ti ní kí wọ́n máa fa gééjì ọ́ìlì láràárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí wọ́n sì máa pè mí. Lẹ́yìn ìrìnàjò kẹta, wọ́n pè. Ọ́ìlì wà lójú àmì tí a fi í sí, kò gòkè, kò sì rùn. Ṣùgbọ́n omi ti wà ní ìsàlẹ̀ kóòbù dígí, tó ìka kan. Mo ní kí wọ́n tú u dànù níwájú ẹni tó ta epo náà fún wọn.